Ògiri Tó Ń Dáhùn Àdúrà

Ọjọ́ tí ògiri ilé mi lé àwọn aládùúrà jáde sí títì, n kò rò pé mo lè gbàgbé ẹ̀ láyé yìí. Títí di òní, bí wọ́n bá ní ká dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ìjọ wa, tí gbogbo èèyàn di ojú, èmi nìkan ni mo máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn mi, n kò sì ní pín in fún ẹnikẹ́ni.

Òkìtìpupa ni mò ń gbé. Ilé mi kò tóbi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀. Ọdún mẹ́fà lèmi àti ìyàwó mi fi wá ọmọ, nígbà tí oyún wá dúró, ayọ̀ gùn mí bí ẹṣin, mo ní mo fẹ́ tún ilé ṣe de àlejò. Mo pààrọ̀ gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé sí irú tuntun, èyí tí èèyàn ń fi ìka kan gbá tí omi á dá lójú ẹsẹ̀. Mo gbé táǹkì omi wa sórí irin gíga kan tó ga ju òrùlé lọ, kí omi lè máa tú yàà. Nígbà tí mo sì fẹ́ kun ẹ̀yìn ilé, mo tú gbogbo irin kéékèèké tó di páìpù mọ́ ògiri, torí wọ́n ń dí búrọ́ọ̀ṣì mi lọ́wọ́. Inú agolo mílíìkì kan ni mo kó wọn sí, mo ní màá dá wọn padà tó bá yá. N kò pe púlọ́ńbà kankan. Èmi ni irú ẹni tó gbà pé iṣẹ́ tí ojú bá ti rí, ọwọ́ á ṣe é.

Ọmọ dé, ọkùnrin làǹtì-lanti. Ìyá ìyàwó mi dé láti Erinje pẹ̀lú púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú wọn, àti kẹ́ẹ̀gì epo, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba iṣẹ́ ìwẹ̀ ọmọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó pọn omi sínú báàfù, bó ti gbá ẹnu ẹ̀rọ báyìí, ògiri yàrá wa dún gbàgà. Ọmọ náà ta gìrì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi igbe ta.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" Ìyá bi mí.

Mo lọ wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan. Mo padà wá, mo ní bóyá ewúrẹ́ aládùúgbò ló fi orí gbá ògiri. Kò pẹ́ tí ìró náà tún dún, ewúrẹ́ kankan kò sì sí nítòsí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ kò sùn mọ́. Ojú ìyàwó mi pọ́n, gbogbo ìgbà tí ògiri bá dún ni òun náà ń ta gìrì bí ọmọ. Ìyá bá pè mí sí ìyẹ̀wù.

"Bàbá ìkókó, n kò bá ẹ jà o," ó ní. "Ọma yìí kò sùn, ìyá ẹ̀ kò sùn. Bí ariwo yìí kò bá dá títí di ọjọ́ ìkómọ, bí a bá ti sọ ọma lórúkọ tán, mò ń kó àwọn méjèèjì lọ sí Erinje nìyẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ọdún mẹ́fà tí mo fi ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé yẹn ti tó mi. Kí wọ́n wá gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ kúrò lójú mi? Ọkàn mi kò gbà á rárá.

Ẹni tó ti pẹ́ tó ń wá ọmọ kì í gbọ́ kí nǹkan dún nínú ilé kó rò pé páìpù ni. Àwọn ọ̀tá ni mo rò. Mo dúró síwájú ògiri yẹn ní ọ̀sán gangan, mo gbé àyà, mo ní, "Ìwọ ta ni? Kí lo ń wá nílé mi?" N kò mọ̀ pé ìyàwó mi ń fọ ife nílé ìdáná. Ó gbá ẹnu ẹ̀rọ pa, ògiri sì dá mi lóhùn, gbàgà. Ibi tí mo ti bá ara mi ni abẹ́ igi máńgòrò aládùúgbò.

Ní ọjọ́ karùn-ún mo lọ pe Màmá Wòlíì, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà nínú ìjọ wa. Àwọn méje ló wá, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Màmá Wòlíì ní garawa omi méje la máa gbàdúrà sí, tí a ó fi wọ́n ilé. Mo pọn àkọ́kọ́, mo sì fi ìka gbá ẹnu ẹ̀rọ pa pẹ̀lú ìgbéraga. Gbàgà.

"Ó ti mọ̀ pé a dé," Màmá Wòlíì sọ.

Wọ́n gbàdúrà títí òógùn fi bò wọ́n. Ògiri dákẹ́. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Mo wá lọ pọn garawa kejì, ó tún dún. Wọ́n ní á jẹ́ pé àwọn ọ̀tá náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ní garawa kẹta, ó le ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe fi ojú mi gbolẹ̀: bí omi àdúrà ti ń pọ̀ sí i ni ìjà náà ń gbóná sí i, kò sì sẹ́nì kankan nínú àwa mẹ́jọ tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí.

Nígbà tó ku garawa mẹ́ta, Màmá Wòlíì ní ká pọn wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀tá má baà rí àyè mí. Ẹnì kan wà nílé ìwẹ̀, ẹnì kan nílé ìdáná, èmi wà lẹ́yìnkùlé. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbá ẹnu ẹ̀rọ pa pọ̀.

Ilé mì tìtì. Dígí bọ́ lára ògiri. Gbogbo aṣọ funfun yẹn gba ẹnu ọ̀nà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó rántí bàtà. Oòrùn ọ̀sán ti yan ọ̀dà títì, àwọn èèyàn Ọlọ́run sì ń fò sókè sódò lórí ẹ̀. Mo lè sọ bí ó ṣe rí, nítorí èmi ni mo wà níwájú wọn.

Nígbà tí mo yọ́ padà wọlé, ìyá ìyàwó mi nìkan ló kù nínú pálọ̀, ó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, kò mira. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ nínú yàrá, ó fà mí lọ́wọ́ dé ìdí ẹ̀rọ nílé ìdáná. Ó ṣí i, omi ń tú. Ó pa á díẹ̀díẹ̀. Ògiri kò sọ nǹkan kan. Ó tún ṣí i, ó fi ìka gbá a bí mo ṣe máa ń ṣe. Gbàgà.

"Ìgbà tí o bá pa omi nìkan ló ń dún," ó ní. "Níbi tí a ti ń fún epo, bí ẹ̀rọ bá ń pariwo, ọwọ́ tó wà lára ẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò."

Ẹnu yà mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá tí kò ka ìwé kan ti rí ohun tí àwa mẹ́jọ kò rí.

Ó yẹ kí n gbọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì jẹ ìyà mi tán. Mo ní bó bá jẹ́ páìpù ló ń lu ògiri, kí n fi igi há a. Mo mú òòlù lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbá igi sáàárín páìpù àti ògiri. Ní igi kẹta, páìpù là. Omi tí mo gbé ga ju òrùlé lọ fi gbogbo agbára rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó gbá òòlù kúrò lọ́wọ́ mi, ó gbá gbogbo aṣọ ọmọ kúrò lórí okùn, ó sì bá Ìyá tó ń sá wọn. Mo dúró, mò ń wò ó tìyanutìyanu. Omi tí mò ń bu mu lójoojúmọ́ nìyí, n kò mọ̀ pé irú ipá bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ìyá nu omi lójú. "Bàbá ìkókó," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù, "lọ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Púlọ́ńbà kan láti Òde-Ayé ló wá. Ó yẹ páìpù wò, ó ní níbo ni irin tó dì í mú wà. Mo gbé agolo mílíìkì jáde. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ka irin inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ níwájú mi, èyí tó burú ju ẹ̀rín lọ. Ó ní omi tó ń sáré nínú páìpù dà bí ẹni tó ru ẹrù sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, tí o bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú lójijì, gbogbo ìsáré yẹn ló máa fi gbá ilẹ̀kùn. Ó di páìpù padà pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ irin. Ó dín omi kù láti ìdí táǹkì. Lẹ́yìn náà ó so páìpù kúkurú kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó nà án sókè, ó dí orí rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ni omi á máa gbá báyìí.

"Ẹ gbá a pa, sà," ó ní.

Mo gbá a. Ìró tó jáde kò ju ìgbà tí èèyàn gbé ife lé tábìlì lọ. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Afẹ́fẹ́ lásán, tí kò ṣeé fọwọ́ mú, ló gba ẹ̀ṣẹ́ tó lé aládùúrà méje sá. Omijé bọ́ lójú mi, ojú kò sì tì mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọmọ sùn, ìyá rẹ̀ sùn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mò ń gbọ́ èémí àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ ìkómọ, Màmá Wòlíì ní kí n bu omi wá. Gbogbo ìjọ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bàtà wọn wà lẹ́sẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbá ẹnu ẹ̀rọ pa. Ọmọ náà yán, ó sì padà sùn. Ìyá kò kó ẹnikẹ́ni lọ sí Erinje. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ilé náà ti wá dùn ún sùn, oṣù mẹ́rin ló sì lò.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n tó ké pe ọ̀run, kí n kọ́kọ́ wo ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Àdúrà dára, mo ṣì ń gbà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mú òòlù nínú ilé mi báyìí, ńṣe ni ìyàwó mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọmọ sínú báàgì. Màá fi ara mi rẹ́rìn-ín, màá sì dá òòlù padà síbi tí mo ti mú un.