Ọjọ́ Tí Mo Ra Bíárìn Bàbá Mi Padà ní Sàngó

Mo lè gbàgbé oúnjẹ tí mo jẹ lánàá, mo lè gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí, àmọ́ Sátidé tó ṣáájú Iléyá ọdún yẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi gbé mi sin. Ọjọ́ náà ni mo lọ sí Sàngó Ọ̀tà, tí mo fi owó gidi ra ohun tó ti jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀, tí mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi.

Bàbá mi ní ẹ̀rọ ìgékoríko kan tó ti dàgbà jù mí lọ. Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ nígbà kan ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Kò dà bí àwọn tòde òní tí abẹ wọn ń yí bíi fáànù. Tiwa ní ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ kó máa dá rìn, ó sì ní ìlù irin gbọọrọ kan níwájú, abẹ lọ́ mọ́ ọn lára yíká. Bí ìlù yẹn bá ti ń yí, á máa rẹ́ koríko mọ́lẹ̀ bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń rẹ́ aṣọ. Mo mọ sísọ́ọ̀sì dáadáa, torí télọ̀ ni mí. Mẹkáníìkì ni mi ò jẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí ni bàbá mi fi ń gé koríko yìdì àdúgbò wa ní Ìtẹ̀lé lọ́dọọdún, kí ọjọ́ Iléyá tó pé. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò, kò sì sẹ́ni tó dábàá pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún ti dá a jókòó, èmi ni mo ń darí ẹ̀rọ, òun á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìdì, á máa pàṣẹ. Mo mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tí ọjọ́ ogbó ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí nìkan ló kù tó ṣì ń pè ní iṣẹ́ òun. Ọdún yẹn wá ni ìlù náà bẹ̀rẹ̀ sí í han débi pé àwọn ará àdúgbò ń yọjú lójú fèrèsé. Bíárìn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló ti jẹ, ìyẹn irin roboto tó ní àwọn ọmọ irin wẹ́wẹ́ nínú, tó ń jẹ́ kí ìlù máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Alága ìgbìmọ̀ yìdì, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń ta sìmẹ́ńtì, wá kí bàbá mi.

"Baba, ẹ ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká fín òògùn apakoríko sí yìdì, kó tán."

"Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá fín lóògùn, ẹrẹ̀ ló máa dà tójò bá rọ̀," bàbá mi dáhùn. "Ṣé inú ẹrẹ̀ ni kí Mùsùlùmí máa forí kanlẹ̀ sí?"

Alága ní òun gbọ́, àmọ́ bí ẹ̀rọ ò bá dún dáadáa títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹni tó ń fín òògùn máa wọ yìdì, á sì máa wọ ibẹ̀ lọ́dọọdún.  Bàbá mi wò mí. Ọkàn mi bàjẹ́ nígbà tí mo rí ojú tó fi wò mí. Mo gbá àyà, mo ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ní àárọ̀ Sátidé, ìyàwó mi béèrè pé ṣé mi ò ní pe mẹkáníìkì. Mo bi í pé ẹni tó ń tú maṣíìnì ìránṣọ palẹ̀, tó tún ń tò ó padà, kí ló fẹ́ fi mẹkáníìkì ṣe. Mo gbé òòlù. Mo lu bíárìn náà, kò mira. Mo bẹ̀ ẹ́, kò mira. Ìgbà tí mo wá lù ú tìbínútìbínú, ó fò jáde, ó já sínú báàfù tí ìyàwó mi ti ń fọṣọ, ó sì ta omi ọṣẹ sí i lójú.  Ìyàwó mi nujú, ó mú bíárìn látinú ọṣẹ, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ fún bàbá rẹ̀.

Ní Sàngó, ẹ ò lè ra páàtì ẹ̀rọ láìmú sáńpù dání, ìyẹn èyí tó ti bàjẹ́ tí wọ́n á fi wé òmíràn. Mo mú tèmi dání lọ sí ìsọ̀ obìnrin ará Abẹ́òkúta kan tó ti pẹ́ nídìí òwò bíárìn. Alhaja ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó fi àkísà nu nọ́ńbà ara sáńpù mi, ó wọlé, ó sì mú ọ̀kan jáde nínú páálí.

"Òun rèé, bọ̀ọ̀dá. Tuntun ni. Irú ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ìlọta."

Tuntun kẹ̀! Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Ìbáà jẹ́ fíríìjì, ìbáà jẹ́ táyà, ìgbàgbọ́ wa ni pé èyí tí òyìnbó ti lò kù ló jẹ́ ojúlówó, tinú páálí kò ní pẹ́ ṣẹ́. Mo fàáké kọ́rí.

"Alhaja, tòkunbọ̀ ni mo fẹ́. Ẹ̀rọ ata kọ́ ni mo ní nílé, ẹ̀rọ òyìnbó ni."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ tèmi, ẹ gba tuntun."

"Tòkunbọ̀ ni, Alhaja."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n fi sáńpù sílẹ̀ lórí tábìlì, kí n lọ kírun Àyílà, pé àbúrò òun ọkùnrin á bá mi wá inú àwọn ẹrù tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo fi máa padà dé, Alhaja ti jáde, àmọ́ àbúrò rẹ̀ ti dúró dè mí, ó mú bíárìn kan lọ́wọ́ tó ti fi epo bẹntiróòlù fọ̀, tó fi gírísì kùn, tó ń dán yinrin. Mo gbé e sétí, mo fìka yí i bí mo ṣe rí i tí àwọn mẹkáníìkì ń ṣe. Kò dún rárá. Mo ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́! Òyìnbó ò fiṣẹ́ ṣeré." Mo sanwó tayọ̀tayọ̀, mo tún dúpẹ́. Mo béèrè sáńpù mi, kò rí i lórí tábìlì, mo sì sọ fún un pé kó má dá ara ẹ̀ láàmú, pé kí ni a fẹ́ fi irin jíjẹ ṣe.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi gba bíárìn náà, ó sì fi àtàǹpàkò nu gírísì kúrò létí rẹ̀. Lámídì lorúkọ bàbá mi, ó sì máa ń fi fáìlì irin kọ làámù, lẹ́tà kéwú tó dúró fún orúkọ rẹ̀, sára gbogbo irin tó bá jẹ́ tirẹ̀. Ó na bíárìn sí mi. Làámù wà níbẹ̀ gbàgàdà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo gbà? Mi ò gbà. Mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa sàmì bẹ́ẹ̀ sí i lókè òkun.

"Òyìnbó wo ló ń kọ làámù?" bàbá mi bi mí.

 Ìyàwó mi sáré wọ yàrá, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sínú ìrọ̀rí.

Ojú tì mí, àmọ́ mi ò jókòó. Mo pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, sáńpù tẹ́nikẹ́ni ò lè fọ̀ kí ó tún tà fún mi ni mo máa gbé lọ. Mo tú odindi ìlù náà, mo fi ìró ìyàwó mi wé e, mo gbá a mọ́yà, mo ju bíárìn onílàámù sápò, mo sì gun ọ̀kadà. A ò tíì rìn jìnnà tí ọlọ́kadà fi bi mí ohun tí mo dì. Mo ní abẹ ni. Ó tẹ bíréèkì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Mo ní ìyàwó nílé."

Mo ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Mo fẹsẹ̀ rìn dé títì pẹ̀lú irin wúwo láyà. Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá àgbà kan fi ọwọ́ pa ìró náà, ó ṣàdúà pé Ọlọ́run á wò ó dàgbà. Mo ṣe àmín.

Nígbà tí Alhaja gbọ́ ẹjọ́ mi, ó pe àbúrò rẹ̀. Àbúrò dọ̀bálẹ̀, ó ní òun rò pé ara ẹrù tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni bíárìn orí tábìlì, lòun ṣe fọ̀ ọ́. Mo fẹ́ bínú, àmọ́ Alhaja ti di ìhà mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló ní òun ò fẹ́ tuntun?"

Ó mú tinú páálí yẹn jáde, ó tì í bọ orí irin ìlù lójú mi. Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n. A fi bíárìn onílàámù ṣe pàṣípààrọ̀, mo sì sáré.

Nígbà tí mo dé Ìtẹ̀lé, wọ́n ti ń pe ìrun Àlásárì. Alága ti wà ní yìdì, ọkùnrin tó ń fín òògùn ti gbé táǹkì kọ́ ẹ̀yìn. Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀, ó sì ní kò sẹ́ni tó máa wọ ibẹ̀ tí ọmọ òun ò bá tíì dé.  Mo to ẹ̀rọ náà kíákíá. Nígbà tí mo tò ó tán, sípírìnì kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi. Mo ní àṣejù òyìnbó ni, mo jù ú sápò.

Mo fa okùn. Ẹ̀rọ dún! Ìlù ń yí, kò han mọ́, ó ń kùn bí oyin. Àwọn èèyàn hó yèè. Mo tì í síwájú, ó gbéra. Mo fà á sẹ́yìn kó dúró, kò dúró. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé sípírìnì inú àpò mi ló ń dá ẹ̀rọ dúró.

Ó wọ́ mi já àárín yìdì. Mo lè fi í sílẹ̀, àmọ́ mo ti fi gbogbo ọjọ́ wá a, mi ò ní jẹ́ kó sá lọ. Ọkùnrin olóògùn rí wa tí à ń bọ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ tòun ti táǹkì. Alága ti so àgbò Iléyá rẹ̀ mọ́ igi kan níbẹ̀ kó máa jẹko. Ẹ̀rọ gba orí okùn kọjá, okùn já, àgbò sá lọ sọ́nà Àlápòtí, Alága ká agbádá, ó tẹ̀ lé e. Òkìtì yanrìn tí wọ́n fẹ́ fi mọ ògiri yìdì ló gbà mí sílẹ̀. Ẹ̀rọ wọnú rẹ̀, ó wúkọ́, ó kú.

Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, koríko ti rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó tẹ́ bíi rọ́ọ̀gì. Bàbá mi fọ̀pá dìde, ó bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ lásán tẹ ibi tí mo gé. Omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ó gé e," ó ní. Ó tún wò ó. "Àmọ́ ó wọ́."

Alága fa àgbò rẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo ilẹ̀, ó wo bàbá mi, ó sì ní kí olóògùn máa lọ sílé. Mo fi sípírìnì sáàyè rẹ̀, mo gé ìyókù. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní láti tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà gbogbo wọn ló wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò lọ títí: bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ní kí n gba tuntun, kí n gbà á, bí sípírìnì bá sì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, kí n wá ibi tó ti wá. Ní àárọ̀ Iléyá, gbogbo àdúgbò tò sórí ìlà mi, bàbá mi wà ní sàfù àkọ́kọ́, ìyẹn ìlà iwájú, lórí àga rẹ̀. Lèmọ́mù bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ tò kó gún o." A sún síwájú, a sún sẹ́yìn, sàfù ṣì wọ́. Ó tún ní kí a tò kó gún. Alága, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, dá a lóhùn pé, "Lèmọ́mù, ẹ bi télọ̀." Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ò tíì kábárà bẹ̀rẹ̀ ìrun, torí bàbá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi ni mo ṣìkejì.