Olùṣọ́ Tí Ó Kọ Ẹ̀yìn Sí Ọgbà Ọsàn

Ní àkókò tí àwọn ẹranko ṣì ń jẹ oyè, tí ọmọ ènìyàn kò tíì kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ọgbà ọsàn kan wà ní ìlú Igbó Ìdẹ̀ra. Ẹranko tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀, bí ó bá ti jẹ ẹyọ ọsàn kan níbẹ̀, yóò dìde, yóò sì máa béèrè oúnjẹ. Kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà náà. Aláìsàn a wọlé, a já ẹyọ kan, a sì bá tirẹ̀ lọ.

Èyí kò tẹ́ Kìnnìún ọba lọ́rùn. Ó ní ohun iyebíye bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó wà láìní olóyè. Ó fi Ìkookò jẹ Olùṣọ́-Ọgbà, ó dé e ní fìlà pupa, ó sì fún un ní ọ̀pá idẹ. Ṣùgbọ́n òfin ààfin ni pé ẹni tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ààfin, ààfin sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà ọgbà gan-an. Nítorí náà, Ìkookò dúró ṣánṣán, ó kọjú sí ọba, ó kọ ẹ̀yìn sí ọsàn. Gbogbo ìlú gbà pé ìdúró rẹ̀ wuyì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ẹtu pọn ọmọ rẹ̀ dé. Ara ọmọ náà gbóná janjan. Kò lè gbé orí sókè.

"Ẹ jọ̀wọ́, Baba Olùṣọ́, ẹyọ kan ni mo fẹ́ já fún ọmọ yìí."

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ẹtu," ni Ìkookò wí, kò yí ọrùn. "Ṣùgbọ́n bí mo bá yíjú láti sìn yín wọlé, mo ti tàbùkù Kábíyèsí nìyẹn."

"Ẹ má yíjú, baba. Ẹ sáà yà díẹ̀ fún mi."

"Kí n yà? Olùṣọ́ wo ni ó ń yà? Ẹ lọ bá ìgbìmọ̀."

Ẹtu sáré lọ bá ìgbìmọ̀ níwájú ọba ní ààfin, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀bọ, olórí ìgbìmọ̀, dìde.

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ ọsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú."

"Baba Ọ̀bọ," ni Ẹtu wí, "kí ni ó ń kán ní irùngbọ̀n yín yẹn?"

"Òógùn ni. Iṣẹ́ ìlú pọ̀ lọ́rùn mi."

"Òógùn yín mà pọ́n bí omi ọsàn o!"

Kìnnìún ní kí wọ́n dákẹ́. "Ọ̀rọ̀ ìyá yìí dùn mí. Èmi fúnra mi ni yóò já ọsàn náà fún un."

Ni gbogbo ààfin bá tò tẹ̀ lé ọba lọ sí ọgbà. Wọ́n wọlé. Ewé nìkan ni ó kù lórí igi. Ihò ńlá wà lára ọgbà lẹ́yìn, èèpo ọsàn sì pọ̀ jántírẹrẹ níbẹ̀.

"Ìkookò! Ọsàn dà?"

"Kí adé pẹ́ lórí. Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ oyè, kò sí olè kan tí ó gba iwájú mi kọjá."

Ọba ronú títí. "Òótọ́ ni ó sọ," ni ó wí. Àwọn ìjòyè pàtẹ́wọ́. Ọ̀bọ dábàá pé kí wọ́n fi àbúrò òun ṣe igbákejì Olùṣọ́, kí àwọn méjèèjì jọ máa wo iwájú. Wọ́n fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹtu kò dúró wo ìwúyè. Ó tún ọmọ rẹ̀ pọn, ó la odò kọjá, ó ń wá inú igbó kiri títí ó fi rí igi ọsàn kan ṣoṣo tí ó fara sin sínú ìtàkùn. Ó fún omi ọsàn sí ọmọ lẹ́nu. Nígbà tí ó ṣe, ọmọ náà lajú.

"Ìyá, ebi ń pa mí."

Ẹtu rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìròyìn náà dé ààfin kíákíá. Kò pẹ́ tí Ẹtu fi gbọ́ ìró kàkàkí létí odò, tí Ọ̀bọ sì ń pariwo pé, "Ẹ yára o! Igi kan wà lọ́hùn-ún tí kò ní olóyè!"

Ẹtu gbá ẹ̀ka igi mú, ó mì í jìgìjìgì.

"Jẹ ẹ́ kíá, ọmọ mi," ni ó wí. "Ọlá ń bọ̀ wá bá igi yìí."