Ohùn Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Kejì

Iléeṣẹ́ tó fẹ́ tún àwo àkọ́kọ́ olórin wa tẹ̀ ní kó mú orin kan wá nínú àwọn tó fi dánra wò nílé nígbà náà. Awakọ̀ wọn ti ń bọ̀ wá gbà á. Ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, páálí kásẹ́ẹ̀tì kan láàárín wọn. Ó sì ti lérí fún gbogbo ayé pé ohùn òun ìgbà náà, oyin ni.

Ìyàwó ti kásẹ́ẹ̀tì kìíní bọ ẹ̀rọ. Ohùn tínrín kan bẹ̀rẹ̀ sí í han.

"Ta ni wọ́n ń fún lọ́rùn níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá Ìbejì."

"Èmi kẹ̀? Irọ́ ńlá! Elégbè mi kan nìyẹn. Ohùn burúkú yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ lé e lọ."

Ẹni inú kásẹ́ẹ̀tì wúkọ́, ó ní: "Ìyá Ìbejì, kí ló tún kàn nínú orin yìí?"

Olórin fọwọ́ bojú. "Háà. Ara mi ló yẹ kí n ti lé lọ."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti kejì bọ̀ ọ́. Iná pupa ara ẹ̀rọ ti ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ta ló ráyè iná? Ohùn ńlá kan ló jáde, tó wúwo, tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbé àpótí gun àtẹ̀gùn.

Olórin fò dìde. "Èmi nìyẹn! Gbọ́ bó ṣe ń balẹ̀! Ohùn ọkùnrin gidi! Òun lo gbọ́ tó o fi gbà láti fẹ́ mi."

"Ó jọ pé bátìrì ti ń kú o."

"Jẹ́ kó kú! Èyí ni wọ́n máa gbé lọ."

Ìyàwó yọ bátìrì, ó ki tuntun bọ̀ ọ́. Ohùn náà sáré gòkè, ó di ti obìnrin, ó mọ́ gaara.

"Ohùn yín há lọ́jọ́ náà," ló rọra sọ. "Àwọn onígìtá sì ti dé. Èmi ni mo bá yín kọ ọ́, kí wọ́n má bàa gbàgbé ohùn orin náà."

Olórin jókòó padà, ó gbọ́ ọ dópin. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn. Ọkọ̀ fọn fèrè lóde.

"Èwo ni ká fún awakọ̀ náà?" ìyàwó bi í.

"Tìẹ ni. Kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sára àwo, gàdàgbà-gadagba. Kí wọ́n wá kọ tèmi sísàlẹ̀, lẹ́tà kékeré: ẹni tó ra bátìrì."

Ìyàwó wò ó tìyanu-tìyanu.

"Bátìrì wo? Èmi náà ni mo rà á."