Àwọ̀n Tí Àyàntúndé Fi Dáàbò Bo Ugwu

Ẹ̀yìnkùlé ilé kan nìyí ní Ìgbògbò, ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àlájà Kúbúrá, ìyá onílé, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dúró ti ebè ugwu tó gbìn sílẹ̀ de Hafeezah ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré. Ugwu ọ̀hún ti di ihò jákèjádò. Ó ti ké pe Àyàntúndé, Bàbá Fìyìn, ayálégbé rẹ̀. Fọkanáísà ni Àyàntúndé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí èèyàn lè bi í tí kò ní dáhùn, èyí tí kò bá sì mọ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń gùn jù.

KÚBÚRÁ: Bàbá Fìyìn, wá wo nǹkan. Ọ̀la ni Hafeezah ń bọ̀ tòun tọmọ. Ṣé ewé oníhò yìí ni màá fún omi ẹ̀ fún un mu?

ÀYÀNTÚNDÉ (ó tẹ̀ ba, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ewé nínú oòrùn): Àlájà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí táyà ti lu, á mọ ibi tí ewé ti lu. Tata ni.

KÚBÚRÁ: Mi ò rí tata kankan o.

ÀYÀNTÚNDÉ: Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé tata ni nìyẹn. Tata tó gbọ́n kì í jẹ́ ká rí òun.

KÚBÚRÁ: Tata wo ló ń da itọ́ sílẹ̀ báyìí? Wò ó, ó ń dán lórí ewé.

ÀYÀNTÚNDÉ (ó fọwọ́ kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀): Ẹ̀n-ẹ́n. A jẹ́ pé òtútù ń mú un.

KÚBÚRÁ: Tata ni òtútù ń mú?

ÀYÀNTÚNDÉ: Òjò tó ń rọ̀ lóròòru yìí, àbí ẹ ò rí i ni. Ẹ se ewé dóńgóyárò, ẹ wọ́n omi ẹ̀ sí i. Tí kò bá pa tata, á wo òtútù ẹ̀ sàn.

KÚBÚRÁ: Kì í ṣe adìyẹ?

ÀYÀNTÚNDÉ: Adìyẹ kẹ̀? Ṣèbí àwọ̀n tí mo fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyí. Àwọ̀n gidi. Adìyẹ tó bá gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ẹ pè mí kí n wá kí i.

KÚBÚRÁ: Àwọ̀n náà dáa, mo dúpẹ́. Adìyẹ ò wọlé mọ́. Àmọ́ ọjọ́ kejì tí mo ta á síbí ni ihò yìí bẹ̀rẹ̀. Níbo lo tiẹ̀ ti rí i?

ÀYÀNTÚNDÉ: Ó kàn wà lórí àwọn táyà kan ni. Kò ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀.

KÚBÚRÁ: Kò ṣiṣẹ́ kankan.

ÀYÀNTÚNDÉ: Kankan.

(Àlájà tún ìborùn rẹ̀ wé.)

KÚBÚRÁ: Ìgbín ló ń jẹ ugwu mi, Bàbá Fìyìn.

ÀYÀNTÚNDÉ (ó bú sẹ́rìn-ín): Ìgbín? Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo dé. Ìgbín ò le rárá. Ẹ da eérú yí ebè ká, kò ní lè gbà á kọjá. Ẹ lọ èèpo ẹyin mọ́ ọn. Ẹ jí ní kùtùkùtù kẹ́ ẹ máa ṣà wọ́n. Èyí tó bá ṣorí kunkun, ẹ bu iyọ̀ lé e lórí. Ìgbín tó bá fẹnu kan oúnjẹ ìyá ọlọ́mọ, kò yẹ ká ṣàánú ẹ̀.

KÚBÚRÁ: Iyọ̀ á pa á?

ÀYÀNTÚNDÉ: Pátápátá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

KÚBÚRÁ: O ṣeun. Mo ti ra iyọ̀ sílẹ̀. Ká fi èyí tí mo mú láàárọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀.

(Ó fa ọ̀rá iyọ̀ yọ, ó sì gbé ìgbín ńlá kan kalẹ̀. Wọ́n ti fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun ìkarahun rẹ̀ lẹ́yìn. Àyàntúndé mọ kútẹ́ẹ̀sì náà dáadáa. Agnes ìyàwó rẹ̀ ló fi sàmì sí gbogbo ìgbín tó ń sìn nínú táyà, tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Agnes ti wà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀sán òní ló sì ń bọ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àyàntúndé.)

ÀYÀNTÚNDÉ: Àlájà, ẹ gbé iyọ̀ yẹn sílẹ̀.

KÚBÚRÁ: Kí ló dé?

ÀYÀNTÚNDÉ: Iyọ̀ ò dáa fún ilẹ̀.

KÚBÚRÁ: Ìwọ lo ní kí n bù ú.

ÀYÀNTÚNDÉ: Ọbẹ̀ ni mo ní lọ́kàn.

KÚBÚRÁ: Kí n da eérú sí i nígbà yẹn?

ÀYÀNTÚNDÉ: Á kó sí i lójú. Ẹ wo ojú ẹ̀, orí ọ̀pá ló wà. Ẹni tójú ẹ̀ wà lórí ọ̀pá, ẹ fẹ́ da eérú sí i?

KÚBÚRÁ: O ní kò yẹ ká ṣàánú ẹ̀.

ÀYÀNTÚNDÉ: Mi ò tíì rójú ẹ̀ nígbà yẹn ni.

KÚBÚRÁ (ó gbé ìgbín náà sókè): Kí wá ni pupa tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yìí?

ÀYÀNTÚNDÉ: Àìsàn ni. Ó máa ń ṣe ìgbín etí ọ̀sà. Láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn ti wá.

KÚBÚRÁ: Ìgbín rìn láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ dé Ìgbògbò?

ÀYÀNTÚNDÉ: Ó lè jẹ́ pé ó wọ kẹ̀kẹ́.

KÚBÚRÁ: Àìsàn yìí mà ń dán o. Ó jọ kútẹ́ẹ̀sì.

ÀYÀNTÚNDÉ: Bó ṣe máa ń jọ nìyẹn tó bá ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e lọ dà nù. Àwọn yòókù ńkọ́? Àlájà, ẹ ò... ẹ ò tíì sè wọ́n?

KÚBÚRÁ: Nílé tiwa l'Ẹ̀pẹ́, a kì í jẹ ìgbín. Ẹja ni wọ́n fi tọ́ wa.

ÀYÀNTÚNDÉ: Alihamudu lilahi.

KÚBÚRÁ: Ìwọ tó ò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì?

ÀYÀNTÚNDÉ: Mò ń bá yín dúpẹ́ ni, mà. Níbo ni wọ́n wà?

KÚBÚRÁ: Wọ́n wà lábẹ́ ìdérí. Mo fẹ́ da iyọ̀ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

(Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síbi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà, ó ń fi eyín já ọ̀rá iyọ̀. Àyàntúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.)

ÀYÀNTÚNDÉ: Àlájà, ẹ dákun. Ti Agnes ni wọ́n. Òun ló kùn wọ́n. Èmi ni mo ká àwọ̀n kúrò lórí wọn, tí mo gbé e fún yín tìtorí adìyẹ. Mo ní ìgbín ni wọ́n, ibo ni wọ́n fẹ́ sáré lọ?

KÚBÚRÁ: Wọ́n sáré dé inú ugwu ọmọ mi.

ÀYÀNTÚNDÉ: Mo ti rí i. Ó yà mí lẹ́nu.

KÚBÚRÁ: O ò sì mọ̀ pé wọn ò sí ńlé?

ÀYÀNTÚNDÉ: Mò ń ju ewé ìbẹ́pẹ sí wọn lójoojúmọ́. Wọn ò jẹ ẹ́. Mo rò pé wọ́n ti yó ni. Àlájà, ó pẹ́ tí obìnrin yẹn ti ń tọ́jú wọn. Ìrètí ẹ̀ ló kó sínú táyà yẹn. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mo sì bẹ̀rù ẹ̀, mi ò mọ ojú tí màá fi wò ó tó bá dé.

KÚBÚRÁ (ó ká ẹnu ọ̀rá iyọ̀ padà): Ohun tó yẹ kó o sọ látàárọ̀ nìyẹn. Dìde. Orí ewé tó kù lo dọ̀bálẹ̀ sí.

(Ó ṣí ìdérí. Ìgbín kún inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn pupa lẹ́yìn, wọ́n rọra ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ. Àyàntúndé wo ìgbín, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì.)

ÀYÀNTÚNDÉ: Bọ́kẹ́ẹ̀tì wa kọ́ nìyí?

KÚBÚRÁ: Òun ni. Agnes ló gbé e fún mi kó tó lọ. Ó ní, "Àlájà, tẹ́ ẹ bá rí ìgbín nínú ọgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣà á síbí. Ìgbín mi ò lè ṣílẹ̀kùn, àmọ́ ọkọ mi lè ṣí i fún un."

ÀYÀNTÚNDÉ: Ó ti mọ̀ kí n tó ṣe é?

KÚBÚRÁ: Ṣé òní ló fẹ́ ẹ ni?

ÀYÀNTÚNDÉ: Iyọ̀ tẹ́ ẹ rà wá ńkọ́?

KÚBÚRÁ: Ọbẹ̀ ni. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀.

ÀYÀNTÚNDÉ (ó na ọwọ́ sí àwọ̀n): Ẹ jẹ́ n tètè dá èyí padà sórí táyà.

KÚBÚRÁ: Kí adìyẹ wá parí èyí tí ìgbín jẹ kù? Àwọ̀n yẹn ò kúrò níbẹ̀. Lọ wá òmíràn, kó o sì ra ugwu tó dáa bọ̀ fún Hafeezah.

ÀYÀNTÚNDÉ: Màá rà á, mà. Agnes ò bínú ṣá?

KÚBÚRÁ: Kò bínú. Ó pè mí láàárọ̀. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé kó o fọ ẹsẹ̀ ẹ dáadáa kóun tó dé.

ÀYÀNTÚNDÉ: Ẹsẹ̀ kẹ̀? Kí ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi ṣe?

KÚBÚRÁ: Kútẹ́ẹ̀sì yẹn ṣẹ́kù. Ó ní èékánná ẹ ló kàn, kí ẹni tó bá rí ẹ nínú ọgbà onílé lè mọ ẹni tó máa dá ẹ padà fún.