Ẹkún Ẹnu-Dùn-Jọyin

Ẹ bá mi kí Ẹnu-Dùn-Jọyin, ọmọ Ẹ̀bi-Ò-Kàn-Mí, ọkùnrin tó máa ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ tán, táá tún ní kí onítọ̀hún wá bẹ òun torí pé ó jẹ́ kí bàtà òun dọ̀tí. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ló ti ń ṣiṣẹ́.

Kí iṣẹ́ lè yá, kí wọ́n sì lè yìn ín, ó yọ irin ìdábòbò ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ. Ẹ̀rọ jó obìnrin alágbàfọ̀ kan lọ́wọ́. Ẹnu-Dùn ní oorun ló ń kun obìnrin náà, wọ́n sì lé e lọ sílé. Ọjọ́ tí wọ́n bá irin náà nínú àpótí Ẹnu-Dùn ni ọ̀gá àgbà ṣòfin: kó bẹ obìnrin náà lójú gbogbo òṣìṣẹ́, kí ẹbí rẹ̀ kan sì fọwọ́ sìwé pé òun dúró fún un. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, kó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run fún àbúrò òun ní ọkàn tó ń mọ ìrora ẹlòmíì. Nígbà míì kì í parí àdúrà náà, kó má di pé ó ń bá Ọlọ́run ṣàròyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó bá àbúrò rẹ̀ níwájú dígí, tó ń dán ẹkún wò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ló yẹ mí, èyí tó ń kán àbí èyí tó ń ṣàn?”

“Ṣé àánú obìnrin yẹn tiẹ̀ ń ṣe ọ́?”

“Àánú ara mi kò ì tíì jẹ́ kó kàn án.”

Síbẹ̀, ọmọ ìyá ẹni ni ọmọ ìyá ẹni. Ó mú gègé, ó tẹ̀ lé e.

Ẹnu-Dùn wọ ibi ìpàdé tomijé-tomijé. Ó gba àárín èrò kọjá, ó kúnlẹ̀ síwájú obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ìyá mi, ọwọ́ yìí ni mo jẹ́ kí iná jó. Láti ọjọ́ náà, ojú yín kò kúrò lójú mi.”

Obìnrin náà wo ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. “Ọmọ mi, alásè ni mí. Aṣọ ìnuwọ́ ni mo wá gbà.”

Lẹ́yìn pátápátá, ẹnì kan na ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sókè. “Èmi rèé. Ọdún mẹ́fà la fi jọ lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo.”

Ọ̀gá àgbà mí kanlẹ̀. “Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.”

Ẹnu-Dùn nu ojú rẹ̀, ó gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ṣé kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀?”

Ẹ̀rín bú gbàù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìwé tí wọ́n gbé fún un padà síwájú ọ̀gá, láìfọwọ́ sí i.

“Ọmọ ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n n kò lè dúró fún un.”

Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó jókòó ti alágbàfọ̀, ó bi í bóyá ọwọ́ náà ṣì ń dùn ún. Obìnrin náà ní ó ń dùn òun, àgàgà tí omi bá kàn án. Ọ̀gá ní kí alágbàfọ̀ náà padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Nígbà tí wọ́n ń sin Ẹnu-Dùn jáde, ó ń ṣàlàyé fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé alásè yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.