Àná Tó Fẹ́ Gba Àna Lọ́wọ́ Elisha

Ẹjọ́ kan dé ààfin Lọ́jà Ọdúntán, ọba ìlú kékeré kan lẹ́bàá Iléṣà, lọ́dún 1999, àná ni wọ́n sì pè lẹ́jọ́. Kì í ṣe àna tó fún ni níyàwó o. Àná ni, ọjọ́ tó ti kọjá tí kò gbà pé òun ti kọjá.

Elisha ló pẹjọ́. Ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe fún àwọn èèyàn, iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ kò tíì mọ bí òun ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Adéjọbí, ọ̀gá Wàràwéré Nẹ́ẹ̀tì l'Óṣogbo, ilé iṣẹ́ tí tolórí-tẹlẹ́mù ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ìlú Lọ́jà ni, oṣù méjì péré sì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í joyè Máyégún. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣì ń dán.

"Elisha, sọ tẹnu ẹ," ni Lọ́jà wí.

Elisha dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, mo ní ojú ewé tí mo fi ń polówó ara mi. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Títílọpẹ́ ni àfẹ́sọ́nà mi. Títílọpẹ́ já mi jù sílẹ̀, ó lọ fẹ́ ará Ìpetu. Mo sunkún tán, mo rí Wúrà. Mo pa orúkọ Títílọpẹ́ rẹ́, mo fi ti Wúrà síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ẹ̀. Àmọ́ ẹni bá gba ọ̀dọ̀ Wàràwéré wọlé, Títílọpẹ́ ló ń bá! Bàbá Wúrà lọ wò ó. Wọ́n ní kò sí mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ Sátidé yìí mọ́. Kábíyèsí, àná ò jẹ́ kí n ní àna!"

Ìfẹ́ Wúrà wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni.

"Adéjọbí..." Lọ́jà bẹ̀rẹ̀.

"Máyégún, Kábíyèsí. Olóyè Máyégún."

"Ó dáa. Máyégún, kí lo rí sí i?"

"Kábíyèsí, àánú aráàlú ló ń ṣe mí. Wáyà fóònù tiwa ò yára. Tí ẹnì kan bá ti wo ojú ewé kan, ẹ̀rọ wa á tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀. Tí ẹlòmíì bá tún bèèrè ẹ̀, ẹ̀dà yẹn la ó gbé fún un, kó má baà dúró pẹ́. Ta ló ń lọ sódò nígbà tí omi wà nínú àmù?"

"Bí tanwíjí bá ti kún inú ẹ̀ ńkọ́?" Ìyálóde Ìbíjọkẹ́ bèèrè.

"Ìyálóde, tanwíjí gan-an, ṣebí omi ló ń gbé."

Elisha fò sókè. "Mo lọ bá wọn! Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn bí òṣómàáló gidi, mo ní n ò dìde àfi tí wọ́n bá pa ẹ̀dà yẹn rẹ́. Wọ́n ní kí n lọ pa kọ̀ǹpútà mi, kí n tún un tàn."

"Ṣé o pa á?"

"Ìgbà mẹ́rìnlá, Kábíyèsí."

Wọ́n pe Bàbá Micah, bàbá Wúrà, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè l'Óṣogbo.

"Kábíyèsí, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ọkọ̀ wa máa ń pẹ́, n ò ní purọ́. Àmọ́ kò kó èrò àná wá rí! Títílọpẹ́ ni mo fojú ara mi kà níbẹ̀."

Nọ́síràtù, òṣìṣẹ́ Wàràwéré, bọ́ síwájú. "Wàláì, ọjọ́ yẹn náà ni mo wò ó. Wúrà lèmi rí."

"Orúkọ ẹ̀ lo kà?"

"Rárá o, ojú ẹ̀ ni. Àwòrán ti di tuntun, àmọ́ Títílọpẹ́ ni wọ́n ṣì kọ sábẹ́ ẹ̀."

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Elisha di orí mú.

"Ṣé ojú ẹ̀ hàn dáadáa?"

"Ó ṣe bàìbàì, Kábíyèsí. Wọ́n ti fún un."

"Wọ́n fún ta ni?"

Máyégún dá sí i kíá. "A máa ń fún àwòrán pọ̀ ni, kó lè gba ojú wáyà kọjá."

Bàbá Micah fìbínú dìde. "Ẹ fún ọmọ mi bí ẹni fún aṣọ?"

Lọ́jà gbọ́wọ́ sókè.

"Adéjọbí."

"Máyégún, Kábíyèsí."

"Ta ní ń jẹ́ Máyégún?"

"Kábíyèsí! Ẹ̀yin lẹ fi mí jẹ ẹ́!"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà rẹ tó wà nínú orí tèmi ni Adé Oníjẹ̀díjẹ̀dí, tó ń ta àgbo ní gáréèjì Ìbòkun nígbà kan. Láti òní lọ, ẹ̀dà yẹn ni gbogbo ìlú á máa lò, kó má baà pẹ́ wa. Bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ tí ojú ewé ọmọ yìí bá di tuntun, oyè rẹ á di tuntun."

Adé kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fò sórí ọ̀kadà, ó kọrí sí Òṣogbo. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ojú Wúrà àti orúkọ Wúrà ti pàdé lójú ewé kan. Nígbà tó di Sátidé, Bàbá Micah di Elisha lọ́wọ́ mú, ó pè é ní "àna mi" lójú gbogbo ayé, omi sì lé ròrò sójú ọmọkùnrin náà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Adé sáré wọ ààfin. "Kábíyèsí, a ti pa á rẹ́ o! Ṣé mo ti di Máyégún padà?"

Lọ́jà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Adé Oníjẹ̀díjẹ̀dí! Kú àbọ̀. Ti àná ni mo ṣì ń rí o. Jáde, kí o tún wọlé."

Ìgbà mẹ́rìnlá ni Adé jáde tó tún wọlé, kí Lọ́jà tó rí Máyégún.