Baba Afọwọ́sè àti Ọmọ Tí Kò Mọ Ìgò

Ẹ bá mi kí Baba Afọwọ́sè, ọkọ bí ìyá, ọkùnrin mẹ́ta àtààbọ̀ nínú ilé ìdáná! Bí ẹ ò bá sì kí i, kò burú. Ó ti kí ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó jí.

Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí, ṣùgbọ́n ẹ má bi í léèrè páálí. Oúnjẹ ọmọ ni kẹ́ ẹ bi í, kẹ́ ẹ wá jókòó.

"Èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi se oúnjẹ ọmọ mi," á ní, á gbé àyà síwájú. "Èmi ni mò ń sè é, èmi ni mò ń lọ̀ ọ́. Ọmọ mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ inú ìgò tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Òbí ọ̀lẹ ló ń ra ìgò!"

Àwọn obìnrin àdúgbò á ní, "Ẹ ò rí ọkọ bí!" Wọ́n á wá kọjú sí ọkọ tiwọn, ìjà á dé.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn sí i. Aránṣọ ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun náà máa ń bó kárọ́ọ̀tì, á sè é títí á fi rọ̀, á gún un kúnná, á tọ́ ọ wò kó má baà jó ọmọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbé ṣíbí dé ẹnu ọmọ, pím ni ọmọ á pa ẹnu dé.

Ọkọ á rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ rẹ ni ò dùn. Gbé e fún mi jàre."

Á gbé ọmọ wọ ilé ìdáná, á tilẹ̀kùn pa, ó ní kí atẹ́gùn má baà ba adùn jẹ́. Bílẹ́ńdà á máa pariwo ṣáá. Nígbà tí wọ́n bá fi jáde, ọmọ ti yó, ẹnu bàbá pàápàá á ṣì máa jẹ nǹkan. Kí ni bílẹ́ńdà ń lọ̀? Ẹ fara balẹ̀, a ó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dun obìnrin náà wọ egungun. Ọmọ tó fi inú rẹ̀ bí ni ò fẹ́ jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà míì, omijé á bọ́ sórí aṣọ oníbàárà, á yára fi ọwọ́ nù ún.

Òkìkí ọkọ wá dé etí nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kó wá kọ́ àwọn ìyá lọ́jọ́ ìwọ̀n. Họ́wù! Baba Afọwọ́sè ra fìlà alásè gogoro kan tó ń gbá àtẹ́rígbà.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé abọ́ tèmi náà dání," ìyàwó ní.

"Gbé e. Kí wọ́n rí ìyàtọ̀ alásè àti aránṣọ."

Ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́. Ó ṣí abọ́ tó ti bu oúnjẹ sí láti ilé, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ìyá! Ẹni tó bá ń ra ìgò, ó kù díẹ̀ kó ta ọmọ rẹ̀ pàápàá. Àwọn àgbà ní, ọmọ tó bá jẹ àfọwọ́sè, ọgbọ́n rẹ̀ á ju ti bàbá rẹ̀ lọ!"

Àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Òun náà ni.

Ó gbé ṣíbí dé ẹnu ọmọ. Ọmọ pa ẹnu dé. Ó kọrin. Ọmọ ń wò ó. Ó fò sókè, fìlà yẹ̀, oúnjẹ ta sí ọmọ nímú. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ sínú aṣọ.

"Èrò ló ń bà á lẹ́rù," ó ní, òógùn bò ó.

Lọ́wọ́ ẹ̀yìn pátápátá, ọmọ kan ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ti ń tijú ọ̀rọ̀ òbí ọ̀lẹ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ebi ọmọ kì í dúró de ìtìjú. Ó yọ ìgò láti inú báàgì, ó yí ìdérí rẹ̀.

Pó!

Ọmọ Baba Afọwọ́sè yí orí padà wìì. Ó la ẹnu gbàgà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìgò náà, ó ń ju ẹsẹ̀.

Gbogbo ilé yíjú sí ìgò. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ tún un ṣe."

Obìnrin náà fi àtàǹpàkò tẹ àárín ìdérí. Pó! Ẹnu tún là.

"Bàbá, ṣebí ọmọ yín ò mọ ìgò?" nọ́ọ̀sì ní.

"Kò mọ̀ ọ́n! Ìró yẹn ló... ló jọ ti ìkòkò mi."

"Ìkòkò wo ló ń dún pó?"

Ìyàwó rẹ̀ dìde. "Bàbá ọmọ mi, kí ni bílẹ́ńdà ń lọ̀ tẹ́ ẹ bá tilẹ̀kùn?"

Ó wo àjà. Ó wo bàtà. "Atẹ́gùn."

"Kárọ́ọ̀tì tí mò ń rà ńkọ́?"

"Mo... mo ń jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín bú gbàù! Nọ́ọ̀sì di ìwọ̀n mú kó má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n aránṣọ ò tíì rẹ́rìn-ín. Inú ń bí i, síbẹ̀ ayọ̀ kan ń gun òkè bọ̀ láyà rẹ̀. Oúnjẹ òun kọ́ ni ọmọ ń kọ̀, ìró ìdérí ló ń dúró dè!

Ó tọrọ ìdérí lọ́wọ́ obìnrin náà, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ṣí abọ́ tirẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Níwájú èrò yìí?"

"Mo ní ẹ tẹ̀ ẹ́."

Pó. Ọmọ la ẹnu, kárọ́ọ̀tì wọlé. Ó mi ẹnu díẹ̀, ó ronú, ó gbé e mì, ó tún na ọwọ́ sí abọ́. Omijé bọ́ lójú ìyá rẹ̀, kò nù ún lọ́tẹ̀ yìí.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," nọ́ọ̀sì ní. "Ọgbọ́n rẹ̀ ju ti bàbá rẹ̀ lọ."

Ọkọ bí ìyá fẹ́ rọra yọ́ jáde, fìlà gogoro lábẹ́ abíyá.

"Ẹ ń lọ síbo?" ìyàwó rẹ̀ bi í, kò wo ẹ̀yìn. "Oúnjẹ ṣì kù nínú abọ́. Ẹ tẹ ìdérí yín."